Àsíá Mecklenburg àti Gómìnà Tó Padà Wá sí Lomé

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1960, ọjọ́ tí Togo gba òmìnira, bàbá arúgbó kan wà láàárín àwọn àlejò pàtàkì tó wá bá wọn ṣe ayẹyẹ ní Lomé. Ẹni ọdún 86 ni. Aláwọ̀ funfun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ọmọ Jámánì ni. Òun ni gómìnà tí olú-ọba Jámánì rán wá sí Togo kẹ́yìn, láti ọdún 1912 títí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Orúkọ rẹ̀ ni Adolf Friedrich, ọmọ ọba Mecklenburg. Kì í ṣe pé ó kàn yọjú o. Ìjọba Togo tuntun, tí Sylvanus Olympio jẹ́ olórí rẹ̀, ló pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ọdún mélòó kan. Ta ló máa ń pe ẹni tó mú un sìn wá síbi ìsọmọlórúkọ òmìnira rẹ̀? Ní Lomé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, pé ayé àwọn Jámánì sàn ju ayé Faransé lọ: wọ́n la títì, wọ́n ṣe reluwé, ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀. A máa ń sọ “àwọn Jámánì” bí ẹni pé inú agboolé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, tí wọ́n sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ilé tí gómìnà yìí ti jáde ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àsíá wọn ni mo kọ́kọ́ tọpasẹ̀ rẹ̀, òun ló sì mú mi dé ibi tí n kò rò.

Mecklenburg wà ní àríwá Jámánì, létí Òkun Baltic. Ilẹ̀ adágún omi, oko ọkà àti ìlú kéékèèké ni. Títí di ọdún 1918, ìjọba méjì ló wà níbẹ̀, Mecklenburg-Schwerin tó tóbi àti Mecklenburg-Strelitz tó kéré, inú ìdílé kan náà sì ni àwọn ọba méjèèjì ti ń wá. Díúùkù Àgbà ni oyè wọn, oyè tó ga ju ti díúùkù lásán lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ti ọba pátápátá. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àsíá ilẹ̀ méjèèjì jẹ́ ìlà mẹ́ta tó nà gbọọrọ: búlúù lókè, yẹ́lò láàárín, pupa nísàlẹ̀. Kò sí ìtàn ẹ̀jẹ̀ akọni tàbí ilẹ̀ ọlọ́ràá nídìí àwọ̀ wọ̀nyí, irú èyí tí wọ́n fi kọ́ wa nípa àsíá tiwa nílé ẹ̀kọ́. Inú àmì oyè ìdílé náà ni wọ́n ti fà wọ́n yọ, asà kan tó pín sí ojú méje, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ilẹ̀ kan tí wọ́n jogún tàbí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ojú méjèèje ni orí akọ màlúù dúdú kan tó kọjú sí ẹni tó ń wò ó, adé wúrà lórí rẹ̀, ìwo rẹ̀ funfun, ahọ́n rẹ̀ pupa tó yọ síta. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni ìdílé yìí ti ń fi orí màlúù tẹ òǹtẹ̀ sára ìwé wọn. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé kò sí ohun tó tún lè jẹ́ ti Jámánì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín kì í ṣe ọmọ Jámánì ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kejìlá, àwọn Slav ló ń gbé ilẹ̀ yẹn, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Obotrite. Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní òrìṣà tiwọn. Olórí wọn ni Niklot. Ní ọdún 1147, àwọn ọmọ ogun Kírísítẹ́nì láti ilẹ̀ Jámánì gbógun tì wọ́n lórúkọ ẹ̀sìn, irú ogun tí wọ́n ń gbé lọ sí Jerúsálẹ́mù. Niklot sá di odi Dobin, ó sì rọ́nà yọ. Lẹ́yìn ọdún 13, Heinrich tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún, díúùkù Saxony, tún padà wá. Niklot fúnra rẹ̀ dáná sun odi Schwerin àti àwọn odi mìíràn kí ọ̀tá má bàa rí wọn lò. Wọ́n pa á nítòsí odi Werle ní ọdún 1160. Lọ́dún kan náà, Heinrich tẹ ìlú Jámánì dó sí Schwerin.

Ìtàn àwọn ẹni tí a ṣẹ́gun sábà máa ń parí síbẹ̀. Èyí kò parí. Pribislav, ọmọ Niklot, bá ogun náà lọ. Ní ọdún 1164 Heinrich so arákùnrin rẹ̀, Wertislav, kọ́ igi ní Malchow. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta péré, ní 1167, Heinrich kan náà dá èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ bàbá Pribislav padà fún un, pé kí ó máa jẹ oyè lábẹ́ òun. Pribislav ti ṣe ìrìbọmi. Ó pe àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé Kírísítẹ́nì wá sí Doberan ní 1171. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bá ẹni tó pa bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ ọmọ Heinrich Kìnnìún níyàwó. Orúkọ méjì ni ọmọ yìí ń jẹ́, Heinrich Borwin, ọ̀kan ti Jámánì, ọ̀kan ti Slav. Àwa tí orúkọ ìrìbọmi àti orúkọ àbísọ jọ ń gbé inú ìwé ìrìnnà wa mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Orúkọ ilẹ̀ náà pàápàá ṣe irú ìrìbọmi yìí. Ìtumọ̀ Mecklenburg ni “odi ńlá” ní èdè Jámánì àtijọ́. Wọ́n ní Veligrad ni orúkọ tí àwọn Slav ń pe odi náà kí ó tó dìgbà náà, ohun kan náà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé kan ti olú-ọba Otto Kẹta kọ níbẹ̀ ní ọdún 995 ti ń pè é ní orúkọ Jámánì. Òkìtì odi náà ṣì wà ní abúlé kan nítòsí Wismar. Wọ́n ti sọ inú rẹ̀ di itẹ́ òkú ìjọ. Àwọn àgbẹ̀ láti Westphalia àti Holstein rọ́ wá sórí ilẹ̀, èdè Slav ń kú díẹ̀díẹ̀, ìdílé olóyè tó jẹ́ ti Slav sì jókòó sórí gbogbo rẹ̀, ó ń di Jámánì láti ìran dé ìran. Àwọn ọmọ Niklot jọba níbẹ̀ fún ohun tó lé ní 750 ọdún. Nínú àwọn ìdílé ọba tó ṣẹ́ kù ní Jámánì ní 1918, ti wọn ni àwọn òpìtàn máa ń tọ́ka sí pé ó ṣẹ̀ láti inú ẹ̀yà Slav.

N kò fẹ́ ka gbogbo orúkọ ọba fún yín, nítorí àwọn Heinrich, Albrecht àti Friedrich inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ní ọdún 1348, olú-ọba Karl Kẹrin sọ wọ́n di díúùkù. Ọ̀kan nínú wọn, Albrecht, jọba Sweden láti 1364 títí wọ́n fi rọ̀ ọ́ lóyè ní 1389. Wọ́n ń pín ilẹ̀ láàárín ọmọ bí ẹni ń pín oko, wọ́n ń tún un kó jọ, wọ́n tún ń pín in. Nígbà Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, olú-ọba lé wọn kúrò lórí oyè, ó sì gbé ilẹ̀ wọn fún ọ̀gágun rẹ̀, Wallenstein. Ọba Sweden ló dá wọn padà ní 1631. Ìjà ogún tó le jù parí ní 1701 nílùú Hamburg, níbi tí wọ́n ti pín ilẹ̀ sí Schwerin àti Strelitz, tí wọ́n sì fẹnu kò pé àkọ́bí ọkùnrin ni yóò máa jogún oyè. Wismar, ìlú èbúté wọn tó dára, bọ́ sọ́wọ́ Sweden ní 1648. Ní 1803 Sweden fi ìlú náà dógò fún Mecklenburg fún 100 ọdún. Odidi ìlú ló di ìwọ̀fà bẹ́ẹ̀! Ọdún 1903 ni Sweden tó yọwọ́ pátápátá.

Láti ilé Strelitz kékeré yẹn ni Charlotte ti jáde, ọmọ ọdún 17 tó fẹ́ ọba England, George Kẹta, ní 1761. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú Charlotte ní North Carolina, tó wà ní àgbègbè kan tí wọ́n sọ ní Mecklenburg títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ wo Bridgerton ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n fi ń sọ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò lágbára. Ó dá lórí ìyá ńlá kan ní Portugal ní ọ̀rúndún kẹtàlá, nǹkan bí ìran 15 ṣáájú rẹ̀. Mo gbádùn eré náà, ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí ìdílé Mecklenburg ti kan Áfíríkà, kò yẹ ká máa wá a nínú ẹ̀jẹ̀ ayaba tó ti kú ní 1818. Ibi tí ó wà hàn kedere, ìwé sì wà lórí rẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba nílé. Ní 1755, díúùkù Schwerin àti àwọn olóyè onílẹ̀ bá ara wọn ṣe àdéhùn kan tó fún àwọn onílẹ̀ lágbára tó pọ̀ lórí oko wọn àti lórí àwọn ènìyàn tó wà nínú oko náà. Àdéhùn yìí ni wọ́n fi ń ṣèjọba títí di 1918. Ẹrú ilẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ jẹ́. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní 1820, ṣùgbọ́n láìsí ilẹ̀ kankan. Ẹni tí olówó oko kò bá fún láyè láti gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀ kò lè fẹ́ ìyàwó ní ìlànà òfin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1849, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó gba gbogbo Yúróòpù, Schwerin ní ìwé òfin tó fún àwọn ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò. Kò pé ọdún kan tí àwọn onílẹ̀ fi lọ pe ẹjọ́, tí wọ́n sì fagi lé e ní 1850. Àwàdà kan wà tí wọ́n máa ń fi sí Bismarck lẹ́nu, pé bí ayé bá fẹ́ parẹ́, Mecklenburg ni òun yóò sá lọ, nítorí ohun gbogbo máa ń pẹ́ kó tó dé ibẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Yálà òun ló sọ ọ́ tàbí òun kọ́, àwàdà náà bá ilẹ̀ náà mu. Lábẹ́ irú ìjọba yìí ni wọ́n ti tọ́ gómìnà Togo dàgbà. Ọba tí kò gbà kí ará ìlú tirẹ̀ dìbò nílé, kí ni yóò ti rí tí yóò fún ará Lomé?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àsíá. Lórí òkun, àwọn ọkọ̀ oníṣòwò Mecklenburg kì í ta yẹ́lò. Búlúù, funfun àti pupa ni àsíá wọn, bí ẹni pé ẹnì kan dorí àsíá àwọn ará Netherlands kodò. Ní 1867, Mecklenburg wọ ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ Àríwá Jámánì tí Prussia jẹ́ olórí rẹ̀, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì ká àsíá yìí nílẹ̀, wọ́n ta dúdú, funfun àti pupa. Dúdú àti funfun jẹ́ ti Prussia, funfun àti pupa jẹ́ ti àwọn ìlú oníṣòwò bíi Hamburg. Kò sí ohun tó jẹ́ ti Mecklenburg nínú rẹ̀. Ìdílé yìí tún ti rí ọ̀gá tuntun, wọ́n sì tún ṣe ohun tí Pribislav ṣe: wọ́n dì mọ́ oyè wọn, wọ́n sì jọ̀wọ́ ìyókù.

Àsíá dúdú, funfun àti pupa yẹn ló dé etíkun wa. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1884, Gustav Nachtigal, tó wọ ọkọ̀ ogun Möwe wá, ṣe àdéhùn ní Baguida pẹ̀lú àwọn tó ṣojú Mlapa Kẹta, olóyè Togoville, wọ́n sì ta àsíá náà síbẹ̀. Ìlú kan létí adágún omi fún odidi orílẹ̀-èdè ní orúkọ rẹ̀. Ilé Mecklenburg kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi dé.

Àwọn arákùnrin méjì ló ṣe pàtàkì, àwọn méjèèjì ọmọ Friedrich Franz Kejì, Díúùkù Àgbà Schwerin, ṣùgbọ́n ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Johann Albrecht ni ẹ̀gbọ́n. Láti 1895 ni ó ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ńlá tó ń polówó ìmúnisìn ní Jámánì. Ó ṣe adelé ní Schwerin láti 1897 títí di 1901 nígbà tí ọba kò tíì tójú bọ́, ó sì tún ṣe adelé ní Brunswick láti 1907 di 1913. Adolf Friedrich, tí wọ́n bí ní 1873, ni àbúrò. Kò sí oyè tí yóò jẹ nílé, nítorí àkọ́bí ló ń jogún. Áfíríkà ló wá di ibi tó ti rí iṣẹ́ ṣe. Ó ṣáájú ìrìn àjò ìwádìí lọ sí àárín Áfíríkà ní 1907 sí 1908, ó tún ṣe òmíràn ní 1910 sí 1911. Wọ́n yìn ín gan-an ní Jámánì. Lára ohun tí ìrìn àjò àkọ́kọ́ kó dé Berlin ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún orí òkú ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn láti Rwanda, tí ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó bá a lọ kó jọ kí wọ́n lè fi wọ̀n bí ẹ̀yà ṣe yàtọ̀ síra. Orí wọ̀nyẹn ṣì wà ní Berlin títí di ayé tiwa, tí wọ́n ń jíròrò bí wọn yóò ṣe dá wọn padà. Ní 1912, wọ́n fi irú ẹni yìí jẹ gómìnà Togo.

Àwọn Jámánì fẹ́ràn láti máa pe Togo ní ilẹ̀ àpẹẹrẹ, nítorí kì í sábà gba owó lọ́wọ́ Berlin. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tó ń san án. Àwọn reluwé tó lọ sí Aného, Kpalimé àti Atakpamé, owó orí tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọjọ́ 12 lọ́dún san, àti ẹgba: àwọn ará Togo ṣì máa ń sọ ọ́ bí ìtàn pé wọ́n á na ènìyàn ní ẹgba 25, wọ́n á wá fi ọ̀kan lé e fún Káísà. Ní 1913, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn, Wilhelm Solf, wá sí Lomé. Àwọn oníṣòwò ìlú náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún un. Olórí wọn ni Octaviano Olympio, ọmọ ìdílé Àgùdà tó ti Brazil wá sí etíkun yìí. Wọ́n ní kí wọ́n fòpin sí ẹ̀wọ̀n ọlọ́rùn àti ẹgba, kí wọ́n tún ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe, kí wọ́n dín owó orí kù, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ ṣòwò fàlàlà, kí wọ́n sì jẹ́ kí aṣojú wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ gómìnà. Adolf Friedrich ni gómìnà náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí ará ìlú ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀, ni àwọn ará Mecklenburg kò tíì rí gbà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀.

Ní ìgbà yẹn kan náà, àsíá ni Solf ń rò. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ amúnisìn kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ láàárín dúdú, funfun àti pupa, Johann Albrecht sì wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ya igi ọ̀pẹ kan àti ejò méjì fún Togo. Mo ti wo àwòrán náà títí. Ọmọ ilé tó ń fi orí màlúù àwọn bàbá ńlá rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ jókòó ní Jámánì, ó ń bá àwọn ẹlòmíràn yan ẹranko tí yóò dúró fún wọn. Bí a bá ń gégi nínú igbó, ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò, àmọ́ ìdílé Niklot ti gbàgbé ọ̀ràn tiwọn tipẹ́. Ogun dé ní 1914, àsíá náà kò sì kọjá orí ìwé.

Ogun náà kò pẹ́ ní Togo. Gómìnà wà ní ìsinmi nílé, igbákejì rẹ̀, von Doering, ló bá a. Oṣù Kẹjọ ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Ọmọ ogun Gold Coast kan, Alhaji Grunshi, ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ yìnbọn láàárín àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó nínú gbogbo ogun náà, lórí ilẹ̀ Togo. Ní Kamina, nítòsí Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí èdè wọn bá Yorùbá tan ń gbé, àwọn Jámánì wó ilé rédíò ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tó ń bá Berlin sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 26 wọ́n túúbá. Bìrìtìkó àti Faransé pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé Mecklenburg fúnra rẹ̀ wó. Ní oṣù Kejì, ọdún 1918, Díúùkù Àgbà Strelitz, tí kò ní ìyàwó, tí kò ní ọmọ, pa ara rẹ̀. Ẹni tó kàn láti jogún jẹ́ ọ̀gágun ní Russia, ilẹ̀ tí Jámánì ti ń bá jà. Díúùkù Àgbà Schwerin di adelé lórí Strelitz, àmọ́ ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, òun náà gbé adé sílẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń mú Adolf Friedrich, gómìnà tí kò ní ilẹ̀ mọ́, láti fi jẹ olórí ìjọba tuntun kan ní ilẹ̀ Estonia àti Latvia. Ìjọba náà kò dúró. Ó wá di èèkàn nínú ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé láti 1926 títí di 1956, gbogbo ọdún Hitler wà láàárín ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Lomé ní 1960. Sylvanus Olympio, tó ránṣẹ́ pe arúgbó yìí, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá fún ẹni wo? Octaviano tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ni. Inú ìdílé kan náà ni ẹ̀bẹ̀ àti ìpè ti jáde. Ẹni tó bá sọ fún mi pé Olympio pè é nítorí pé ayé Jámánì dùn, n ó bi í bóyá ó rò pé ilé náà ti gbàgbé ẹgba. Mo rò pé ojú Faransé ni Olympio ń wò. Nígbà tí Faransé ń ṣèjọba, àwọn ará Togo kan ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 láti sọ fún àgbáyé pé Jámánì ni àwọn fẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dun Faransé tó bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré tó fẹ́ jáde lábẹ́ apá kan nílò apá mìíràn láti fẹ̀yìn tì. Ó sì so èso: owó tí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn yá wọn wà nínú èbúté Lomé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968. Ọgbọ́n Pribislav ni, ọgbọ́n ẹni tí kò lágbára àmọ́ tó mọ ẹni tó yẹ kí òun jókòó tì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Pribislav gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ó sì di àna rẹ̀. Àwọn tí wọ́n nà ní Lomé kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ilé Mecklenburg.

Àsíá tí wọ́n ta lọ́jọ́ òmìnira jẹ́ ti Paul Ahyi, ayàwòrán ọmọ Togo: ìlà márùn-ún, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ojú pupa lókè pẹ̀lú ìràwọ̀ funfun kan. Nígbà tó yá, Mecklenburg náà ní àsíá onílà márùn-ún. Ìjọba Kọ́múníìsì ti fọ́ ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ ní 1952. Nígbà tí Jámánì di ọ̀kan ní 1990, wọ́n tún un kó jọ pẹ̀lú apá kan Pomerania, ní 1991 wọ́n sì pa àwọ̀ méjèèjì pọ̀: búlúù, funfun, yẹ́lò tín-ín-rín, funfun, pupa. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ń jókòó nínú ààfin Schwerin, lórí erékùṣù tí Niklot dáná sun odi rẹ̀. Àwọn ọba ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbé ère Niklot lórí ẹṣin sókè ẹnu ọ̀nà ààfin yẹn, ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi rí tó ń ṣọ́ ilé àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 2001, ọkùnrin ìkẹyìn ní ẹ̀ka Schwerin kú. Ẹ̀ka Strelitz ṣì wà.

Adolf Friedrich kú ní Eutin ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1969, ó kù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 96. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí àwọn sójà ti yìnbọn pa Olympio ní Lomé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 1963.